Ilé lẹ́sìn tí mo gbé ọmọ mi lọ torí ìṣirò sikuéà: owó mi ò gbé, àmọ́ ẹ má ra hándáòtù wọn

Ẹ̀yin ìyá àtẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ń wá ilé lẹ́sìn fọ́mọ lásìkò họ́lídè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀, torí èmi náà wá a títí kí n tó rí, ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ti jẹ owó mi kí n tó débẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn o. Ẹjọ́ wà tí mo fẹ́ bá wọn rò nísàlẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí Mádáàmù wọn wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ìbàdàn ni, ìhà Bódìjà, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan báyìí, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó wá bi mí ní kọ̀rọ̀.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ rèé. Ọmọ mi ọkùnrin parí SS1, ó mú 38 bọ̀ wálé nínú máàsì. Ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀dẹ̀ o, ẹ bi í ní 7 lọ́nà 8, á ti dá yín lóhùn kẹ́ ẹ tó pa ẹnu dé. Àmọ́ ẹ wá kọ ìṣirò yẹn ní gbólóhùn, ẹ ní "àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ kan", ó parí nìyẹn, bí ìgbà tí wọ́n gbé ìwé kóòtù fún un ló ń rí. Ìṣirò ọlọ́rọ̀ lèmi ń pe irú ẹ̀, ọlọ́rọ̀ tí ò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́.

Mo fa ìwé ìdánwò ẹ̀ yọ, mo rí ìbéèrè kan níbẹ̀: sikuéà kan wà, wọ́n fi mítà 2 kún gígùn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọ̀ọ̀kan, éríà ẹ̀ wá fi sikuéà mítà 24 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, báwo lẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣe gùn tó níbẹ̀rẹ̀? Ọmọ mi kọ 12. Mo ní báwo lo ṣe dé 12, ó ní òun rí 24, òun rí 2, òun wá fi 2 pín 24. Bẹ́ẹ̀ náà ni o. Kò wo sikuéà, kò wo ẹ̀gbẹ́, nọ́ńbà méjì ló rí, ó ní kí wọ́n máa jà.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé èmi fúnra mi ò lè ràn án lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ táìlì ni mò ń tà! Kọ́sítọ́mà á ní pálọ̀ òun jẹ́ mítà 6 lọ́nà mítà 6, kó tó yọ fóònù láti fi ṣírò ẹ̀ màá ti ní sikuéà mítà 36 nìyẹn, táìlì sẹ̀ǹtímítà 60 lọ́nà 60 tí ẹyọ 4 wà nínú páálí kan, sikuéà mítà 1.44 ni páálí kan ń gbà, páálí 25 ni gẹ́lẹ́, ẹ wá fi méjì sí i torí èyí tó bá fọ́ àtèyí tí wọ́n máa gé. Mi ò kí ń ṣì í. Àmọ́ ẹ fi x kan ṣoṣo síbẹ̀, ojú mi á ṣú.

Ká tètè sọ towó. ₦18,000 fún ọ̀sẹ̀ 5, ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, aago 9 sí aago 12. Ìyẹn jẹ́ ₦1,200 lójúmọ́, kò wọ́n jù, ẹni tó bá ti pe tíṣà wá sílé rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Bẹ́ǹṣì pákó, bọ́ọ̀dù funfun kan, fáànù méjì tí ọ̀kan ò yí, ọmọ 22 nínú yàrá kan, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo lábẹ́ fèrèsé. Omi mímu wà, tọ́ílẹ́ẹ̀tì wọn mọ́, ìyẹn yà mí lẹ́nu.

Tíṣà wọn gan-an lọjà tí mo lọ rà. Ọmọ kékeré ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ ni, Bọ̀dá làwọn ọmọ ń pè é, èmi náà wá ń bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì, torí mo ti búra pé mi ò tún ní sanwó kí n kọ̀yìn sí i. Mo ń retí kó kọ x sójú bọ́ọ̀dù. Kò kọ ọ́. Páálí ló pín fún wọn, páálí Indomie lásán, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, ó ní kí kálukú gé sikuéà kan, bó bá ṣe wù ú kó tóbi tó, àmọ́ kẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Wọ́n gé e. Ó ní kí wọ́n tún gé ọ̀já méjì, kí ọ̀já kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹ̀gbẹ́ sikuéà yẹn, kó fẹ̀ níwọ̀n ìka méjì. Kí wọ́n fi ọ̀kan sápá ọ̀tún, kí wọ́n fi ìkejì sókè.

Ó ní, "Ṣé sikuéà ńlá ti pé?"

Gbogbo wọn ní ó ti pé.

"Ẹ tún un wò dáadáa."

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọmọ mi, ọmọ mi tó mú 38 bọ̀ o, òun ló kọ́kọ́ nawọ́: "Bọ̀dá, ihò wà ní kọ̀nà."

"Kọ̀nà yẹn ló ń jẹ máàkì yín látọjọ́ yìí."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ mú bírò, ẹ yà á. Ẹ jẹ́ ká pe gígùn ẹ̀gbẹ́ tí a ò tíì mọ̀ yẹn ní x. Sikuéà ti tẹ́lẹ̀, x lọ́nà x, ìyẹn x². Ọ̀já kan gùn tó x, ó fẹ̀ ní 2, ìyẹn 2x. Ọ̀já kejì, 2x. Kọ̀nà kékeré yẹn, 2 lọ́nà 2, 4. Gbogbo ohun tó fi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ò ju ọ̀já méjì àti kọ̀nà kan lọ: 4x + 4. Ìbéèrè ti sọ fún wa pé ohun tó lé jẹ́ 24, nítorí náà 4x + 4 = 24, ẹ yọ 4, ó ku 4x = 20, x jẹ́ 5. Kò sí x² kankan níbẹ̀ tó máa dẹ́rù bọmọ, torí sikuéà àtijọ́ ò yí padà, kò sí nínú ohun tó lé. Bọ̀dá ò sì jẹ́ kí wọ́n sinmi, ó ní kí wọ́n dán an wò: 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25, fi 2 kún 5 ó di 7, 7 lọ́nà 7 jẹ́ 49, yọ 25 nínú 49, ó ku 24. Ọmọ mi bojú wẹ̀yìn, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí ẹni pé fóònù ni mò ń tẹ̀ torí omi ti ń lé ròrò lójú mi.

Ibẹ̀ náà ni mo ti wá mọ ìdí tí tíṣà fi máa ń fagi lé e béèyàn bá kọ (x + 2)² = x² + 4. Kọ̀nà lonítọ̀hún rántí, ó gbàgbé ọ̀já méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe kọ ọ́ nígbà tèmi, mo jẹgba lórí ẹ̀, kò sẹ́ni tó fi páálí hàn mí.

Lọ́sẹ̀ kejì èmi náà di tíṣà, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè ọjọ́ yẹn ni pé wọ́n gbin òdòdó sínú sikuéà kan, wọ́n fi ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà 1 yí i ká, òdòdó àtọ̀nà lápapọ̀ gba sikuéà mítà 81, mélòó lẹ̀gbẹ́ ibi tí òdòdó wà? Àwọn ọmọ sáré sí i, rúùtù 81 jẹ́ 9, yọ 1, ó ku 8. Mo ti pariwo látẹ̀yìn kí n tó mọ̀: "Rárá o, bọ́dà wà lápá ọ̀tún, ó tún wà lápá òsì!" Ẹ wò ó, ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àtàwọn kọ́sítọ́mà gan-an nìyẹn. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ fi táìlì dúdú ṣe bọ́dà yí pálọ̀ ká, wọ́n á wá yọ fífẹ̀ bọ́dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, táìlì àárín á ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́ rẹpẹtẹ, wọ́n á kó o bọ̀ pé kí n gbà á padà, èmi ò sì kí ń gba táìlì padà, ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Bọ̀dá ní kí n máa bọ̀ níwájú. Mo lọ, mo ya pálọ̀ sí bọ́ọ̀dù fún wọn. x + 2 lẹ̀gbẹ́ ńlá, kì í ṣe x + 1. (x + 2)² = 81, x + 2 jẹ́ 9, x jẹ́ 7.

Ọmọbìnrin kan báyìí tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wá ní, "Bọ̀dá, máínọ́ọ̀sì 9 lọ́nà máínọ́ọ̀sì 9 náà jẹ́ 81 o." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ìyẹn á gbé x lọ sí -11. Bọ̀dá ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó má bò ó mọ́lẹ̀, kó wá lọ sọ́dọ̀ àwọn oníplánkì kó ní kí wọ́n gé plánkì mítà máínọ́ọ̀sì 11 fóun. Ẹ̀rín pa wọ́n. Ó ní kí wọ́n máa kọ méjèèjì nígbà gbogbo, kí wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi ju ọ̀kan nù, torí gígùn kì í rẹlẹ̀ ju òdo lọ. Èmi fẹ́ràn pé kò pariwo mọ́mọ yẹn. Níbi tí mo kọ́kọ́ gbé ọmọ mi lọ, ẹni tó bá béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó ń ṣe àṣejù.

Ó tún bi wọ́n léèrè pé tí ẹ̀gbẹ́ sikuéà bá di ìlọ́po méjì, éríà ń kọ́? Gbogbo wọn ní ìlọ́po méjì. Ó ní kí wọ́n bi Màmá onítáìlì. Táìlì 30 lọ́nà 30, mẹ́rin ẹ̀ ló ń bo ibi tí táìlì 60 lọ́nà 60 kan bò. Ọmọṣẹ́ àwọn birikìlà kan ti ra ẹyọ 50 ńlá lọ́wọ́ mi rí torí pé ọ̀gá ẹ̀ ní ibẹ̀ á gba 100 tí wọ́n bá lo kékeré, ẹyọ 25 ló tó o! Ìyẹn, mo gbà á padà, torí ó ń sunkún.

Ọjọ́ tí mo gbádùn jù ni ọjọ́ tó sọ̀tàn fún wọn. Ó ní òun kọ́ lòun dá ọ̀rọ̀ ọ̀já àti kọ̀nà sílẹ̀, pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ al-Khwarizmi, tó ṣiṣẹ́ ní Bàgídáàdì ní nǹkan bí ọdún 820, bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ nìyẹn. Kò tiẹ̀ ní x lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ lásán ló fi kọ gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀, ìṣirò ọlọ́rọ̀ pọ́ńbélé. Ọ̀rọ̀ al-jabr tó wà nínú orúkọ ìwé ẹ̀ ló wá di algebra lẹ́nu òyìnbó. Ọmọ mi ń lọ iléekéwú lọ́jọ́ Sátidé, ó béèrè lọ́wọ́ Alùfáà wọn pé kí ni jabr, wọ́n ní kéèyàn to ohun tó ti fọ́ padà sípò, títí kan eegun tó dá. Haa! Teegunteegun! Látọjọ́ yẹn, tó bá ti jókòó ti iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ̀, tí mo bá ní kí lò ń ṣe, á ní "Mò ń to eegun."

Ìbéèrè tí ọkùnrin yẹn fi ṣàpẹẹrẹ nìyí, Bọ̀dá kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù: sikuéà kan, tí wọ́n bá fi ìlọ́po 10 ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kún un, ó di 39. Ẹ pín 10 sí méjì, ó di 5 àti 5, ọ̀já yín méjèèjì nìyẹn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lókè. Sikuéà àtọ̀já méjèèjì jẹ́ 39. Kọ̀nà tó ṣófo jẹ́ 5 lọ́nà 5, ìyẹn 25, ẹ dí i. 39 àti 25 jẹ́ 64, sikuéà ńlá ti pé, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ 8, ẹ yọ 5, ó ku 3. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 9 àti 30, 39. Ohun tí wọ́n ń pè ní completing the square ní SS2 gan-an nìyí, èyí táwọn ọmọ máa ń há sórí bí ọfọ̀, àṣé kọ̀nà ni wọ́n ń dí.

Ó yá, ẹjọ́ mi wá kàn.

Hándáòtù wọn, ₦2,500 lọ́tọ̀, wọ́n sì ní dandan ni. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé 2 kékeré lọ sókè orí x. Gbogbo x² tó wà nínú ẹ̀, x2 ló tẹ̀ wọ́n, ẹ ṣáà wò ó, x2! Ọmọ mi gbé iṣẹ́ délé lálẹ́ Wẹ́sidé, ìbéèrè ní éríà sikuéà kan jẹ́ 49, wọ́n ti bá a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ níbẹ̀, "x2 = 49, wá x". Ó fi 2 pín 49, ó kọ 24.5. Mo ní ṣé o ti gbàgbé páálí ni, 24.5 lọ́nà 24.5 ṣé 49 nìyẹn, ó ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn, x àti 2. Kò purọ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nígboyà, ẹ wá fi ìwé tí ẹ tà fún un dà á rú. Mo gbé e lọ bá Mádáàmù ní ọ́fíìsì, wọ́n ní "Mummy, àṣìṣe táípísì ni, àwọn ọmọ á mọ̀ ọ́n." Táwọn ọmọ bá mọ̀ ọ́n, ṣé wọ́n á wá sí lẹ́sìn? Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà.

Èkejì, lọ́sẹ̀ kẹrin wọ́n mú Bọ̀dá kúrò láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ní kó lọ máa kọ́ àwọn tó ń múra JAMB sílẹ̀, wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀. Ti ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Ó kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó sójú bọ́ọ̀dù lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó ní kí wọ́n há a: tẹ́ ẹ bá ti rí "increased", àròpọ̀ ni, tẹ́ ẹ bá ti rí "times", ìsọdipúpọ̀ ni. Wọ́n há a. Ó wá fún wọn ní ìbéèrè tó jọ ti 24 yẹn, ìdajì kíláàsì sì kọ x + 24, torí wọ́n rí "increased"! Kí ló pọ̀ sí i, ṣé ẹ̀gbẹ́ ni àbí éríà, kò sẹ́ni tó wò ó mọ́. Àwa òbí bí i márùn-ún la gòkè lọ bá Mádáàmù láàárọ̀ Fúráìdè, Ìyá Ìbejì ló ṣáájú wa, ẹ̀yin náà mọ Ìyá Ìbejì tí inú bá ń bí wọn. Kó tó di Mọ́ńdè Bọ̀dá ti padà dé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ni gbogbo ìyẹn wúlò fún, sikuéà lásánlàsàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí, kì í ṣe lẹ́sìn ló ti ṣẹlẹ̀, ilé wa ni. Bàbá wọn ní púlọ́ọ̀tì méjì ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ tí a ti ń sanwó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ́nà 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé lápapọ̀ 100 lọ́nà 100 ni, sikuéà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wá ní ojú ọ̀nà ti yà gba ibẹ̀, kí wọ́n jẹ́ káwọn yọ ẹsẹ̀ 20 níwájú, àwọn á fi ẹsẹ̀ 20 kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, pé ọ̀kan náà ni, páá ni. Bàbá wọn délé, inú wọn dùn, wọ́n ní fẹ́ǹsì tá a ti ṣírò owó ẹ̀ náà ò ní yí padà. Lóòótọ́ kò yí padà, 400 ni àyíká tẹ́lẹ̀, 120 àti 80 lẹ́ẹ̀mejì, 400 náà ni. Ọmọ mi ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní, "Dádì, x + 20 lọ́nà x - 20 ni. Ẹsẹ̀ 400 ti lọ."

Bàbá wọn ní kí ló ń wí. Mo mú fóònù: 120 lọ́nà 80, 9,600. 100 lọ́nà 100, 10,000. Sikuéà fíìtì 400, yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ 20 lọ́nà 20, ló fẹ́ bá afẹ́fẹ́ lọ lórí ẹ̀bà. Mo béèrè bó ṣe rí i kíákíá tó bẹ́ẹ̀, ó ní ohun tí wọ́n gé lọ àtohun tí wọ́n fi kún un ò gùn bákan náà, èyí tí wọ́n gé gùn tó 100, èyí tí wọ́n fi kún un gùn tó 80 péré, torí iwájú ti kúrú. Ó fi ọbẹ̀ ya á sí etí àwo. Bàbá wọn padà lọ bá wọn lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, ìyẹn ìtàn ọjọ́ mìíì.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni bóyá ó tó fún WAEC. Mi ò lè búra. Paper 2 máàsì wọn, wákàtí méjì àbọ̀ ni, ìbéèrè 5 àkọ́kọ́ dandan ni, wọ́n á wá mú 5 sí i nínú 8 tó kù, ọmọ tó bá ń sá fún ìṣirò ọlọ́rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí èyí tó máa mú. Sikuéà nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀, jẹ́ọ́mẹ́tírì sẹ́kù, ọ̀sẹ̀ 5 ò tó. Àmọ́ ọmọ mi ti ń ka ìbéèrè títí dópin báyìí kó tó mú bírò, tó bá sì mú un, àwòrán ló kọ́kọ́ ń yà. Èmi rí ìyẹn ra ní ₦18,000, mo gbà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó pé ta ló máa kọ́ wọn, kí wọ́n sọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì má mú un kúrò. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, ẹ fi owó yín ra páálí àti sísọ́ọ̀sì, ẹ jókòó ti ọmọ yín nílé. Ní ti hándáòtù, wọ́n á ní dandan ni, ẹ ní ẹ ti ní in. Ti wa wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá fẹ́ yá a kó wá, kó ṣáà dá a padà. Èmi àtọmọ mi ti fi bírò pupa gbé gbogbo 2 yẹn sókè, ojú ewé 14, aago 11 kọjá kí a tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.